Ẹsẹ̀ Lórí Iyanrìn: Ìrìn Etíkun láti Àgbádárìgì dé Ouidah

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bí i. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi méjì kó àwọn ọmọ kíláàsì SS2 lọ sí Àgbádárìgì. A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, a sọ̀ ní Gberefu, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lábẹ́ igi àgbọn lọ sí ibi tí òkun ti ń pariwo. Iyanrìn kún inú bàtà, àwọn ọmọ bọ́ bàtà wọn sọ́wọ́. Nígbà tí a rìn dé ibì kan, amọ̀nà wa dúró lẹ́bàá kànga, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún àwọn ẹrú ní omi mu kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti mu omi náà, kíá ni yóò gbàgbé ilé, yóò gbàgbé orúkọ, yóò gbàgbé òrìṣà baba rẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ dákẹ́ lọ gbári. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì na ọwọ́ sókè. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí wọ́n bá gbàgbé, ta ló wá mú Ṣàngó dé Bàhíà?"

Amọ̀nà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dé inú. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn ní sáà tó ṣáájú pé òrìṣà Yorùbá ń bẹ ní Brasil àti Kúbà títí di òní. Mo sọ fún un pé a óò jíròrò rẹ̀ nígbà tí a bá padà dé ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mọ ohun tó wà lọ́kàn olùkọ́ tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: kò mọ ìdáhùn ni.

Kí a tó dé orí ìbéèrè ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ etíkun wa, ẹ ó rí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nà gbọọrọ bí ọ̀já láàárín omi méjì. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, àgbọn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń hù níbẹ̀. Láti ẹnu omi Èkó dé Àgbádárìgì tó nǹkan bí 60 kìlómítà; láti Àgbádárìgì dé Ouidah, nǹkan bí 90. Lóde òní, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà yóò bá ibodè pàdé ní Sèmè, yóò sì bá omi pàdé ní Kútọnu, níbi tí ọ̀sà ti já sínú òkun. Ṣùgbọ́n ọdún 1885 ni àwọn Faransé la ojú omi Kútọnu yẹn nítorí ìkún omi. Kí ó tó di ìgbà náà, kò sí ẹnu omi tó ṣí sílẹ̀ títí láàárín Ouidah àti Èkó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà á lè fi òkun sí ọwọ́ ọ̀tún ní Ouidah, kí ó máa rìn, kí ó máa rìn, títí tí yóò fi rí Èkó ní òdìkejì omi, láì wọ ọkọ̀ kankan lọ́nà. Nǹkan bí 150 kìlómítà ni ìrìn náà.

Etíkun yìí kò ní èbúté gidi. Ìgbì rẹ̀ le, ó ń ṣẹ́ léra wọn gbì-gbì-gbì, iyanrìn sì ga lábẹ́ omi níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́. Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ọn. Ọ̀kánkán ni wọ́n ti ń sọ ìdákọ̀ró. Ọkọ̀ kékeré ló ń gba àárín ìgbì kó ènìyàn àti ẹrù lọ sọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn atukọ̀ náà kì í sì í ṣe ará ibẹ̀. Láti etíkun Gold Coast, ilẹ̀ Gánà òde òní, ni àwọn òyìnbó ti ń háyà wọn, nítorí pé àwọn ènìyàn wa tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà mọ omi tó dákẹ́, wọn kò fẹ́ràn èyí tó ń hó. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn ìlú tí à ń pè ní ìlú etíkun kò dojú kọ òkun rárá. Ọ̀sà ni Àgbádárìgì dojú kọ. Ouidah jìnnà sí òkun tó nǹkan bí kìlómítà 4, ọ̀sà sì wà láàárín wọn. Ọ̀sà ni ọ̀nà ẹrù. Iyanrìn ni ọ̀nà ẹsẹ̀.

Ta ló ń rìn ín? Oníyọ̀ ń rìn ín, nítorí pé iyọ̀ ni àwọn ará ẹ̀bá ọ̀sà ń sè tí wọ́n sì ń kó lọ tà fún àwọn ará òkè. Apẹja ń rìn ín, ìránṣẹ́ ọba pẹ̀lú. Òyìnbó kì í fẹ́ rìn ín fúnra rẹ̀: aṣọ ni wọ́n ń so mọ́ igi gígùn, yóò dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin yóò sì gbé e lé orí tàbí èjìká. Òun ni yóò wá padà sí ìlú rẹ̀ lọ kọ ìwé pé òun rin ìrìn-àjò! Àwọn tí wọ́n sì rìn ín jù lọ kò kọ ìwé kankan, nítorí ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn wọn.

Ìtàn Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí ìlú òwò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn kedere láàárín ọdún 1730 sí 1740, nígbà tí oníṣòwò ará Holland kan, Hertogh, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Huntokonu, sá wá síbẹ̀ láti apá ìwọ̀-oòrùn. Ogun Dàhòmì ló ń lé e. Ní 1727 ni Dàhòmì ti gba Ouidah, gbogbo etíkun sì dàrú. Ọ̀yọ́ pẹ̀lú kò jókòó. Ó sọ Dàhòmì di ìlú tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, ó sì fẹ́ ọ̀nà tirẹ̀ sí òkun. Nígbà ayé Aláàfin Abíọ́dún ni ọ̀nà tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì gbilẹ̀ gan-an. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń yára kọjá ibi yìí ní kíláàsì. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹrú ni ẹrù tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ọba tí à ń kọrin yìn ló sì là á. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ wá tú ká láàárín 1830 sí 1840, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ Yorùbá ni wọ́n wá pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń tà. Ẹni tó la ọ̀nà àti ẹni tí wọ́n mú gba ọ̀nà náà, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde.

Àgbádárìgì tún jẹ́ ibi ìsásí. Adélé tí wọ́n lé kúrò lórí oyè ní Èkó, ibẹ̀ ló ti ṣe ọba. Akítóyè tí Kòsọ́kọ́ lé ní 1845 náà fara pamọ́ síbẹ̀, títí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi fi ọta ìbọn ńlá lu Èkó ní 1851. Clapperton àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1825. Nígbà tí Lander nìkan padà dé ní 1827, tí ọ̀gá rẹ̀ ti kú sí Ṣókótó, àwọn Pọtogí oníṣòwò ẹrú fẹ̀sùn kàn án pé amí ni. Wọ́n fún un ní omi májèlé mu láti fi dán an wò. Ó mu ún, ó yára lọ bì í, kò sì kú. Ní 1830 òun àti àbúrò rẹ̀ John tún padà wá, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tí wọ́n fi mọ ibi tí odò Ọya ń ṣàn sí. Ẹ rí i pé omi mímu kan wà nínú ìtàn Àgbádárìgì tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ dájú, òyìnbó ló sì mu ún!

Láti 1839 ni àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í gba Àgbádárìgì wọlé. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró. Wọ́n rí owó jọ níbẹ̀, wọ́n ń wá ọ̀nà ilé. Àwọn tó kọ́kọ́ gba Èkó, wọ́n jà wọ́n lólè níbẹ̀. Ni wọ́n bá kọjú sí Àgbádárìgì. Ní 1842 Thomas Birch Freeman wàásù lábẹ́ igi Àgíà, igi náà sì dúró títí di 1959 kí ó tó wó. Ní oṣù kìíní 1845 ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Àjàyí. Ọmọ Òṣogùn ni. Ogun kó o ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé Èkó, níbi tó ti wà nínú ẹ̀wọ̀n ọlọ́rùn fún oṣù tó lé ní mẹ́ta. Ní oṣù kẹrin 1822 ni wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi mú ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá dúró sí etíkun Gberefu tí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, ọ̀nà ibi tí ẹ̀ ń wò yẹn ni wọ́n ti gbé e jáde bí ẹrú. Ibi tí ẹ dúró sí ni ó gbà padà wọlé, ó ti di àlùfáà, ìyàwó àti ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ló lò ní Àgbádárìgì nítorí pé Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá kú, ọ̀nà òkè kò sì dára. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún náà, ó tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìyá náà kò gbàgbé, ọmọ pẹ̀lú kò gbàgbé. Mo ti ka ibẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohùn mi kì í sì í pẹ́ yí padà.

Bí a bá tún rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ibodè la ó kàn. Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, wọ́n gba Àgbádárìgì ní 1863. Faransé sì ti nawọ́ sí Àjàṣẹ́. Ní 1889 ni àwọn méjèèjì fi ẹnu kò lórí ibi tí ààlà yóò gbà. Ìdílé Ògù tó ní àna ní ìhín àti ní ọ̀hún di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Ìgbì òkun kò mọ̀ pé ibodè wà níbẹ̀, àwọn apẹja náà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Àwọn tó wá láti ìhà Kéta ní ilẹ̀ Gánà ti tẹ̀ dó káàkiri etíkun náà, àwọ̀n ńlá wọn ni ẹ ó máa rí tí ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn ń fà wá sórí iyanrìn, tí orin ń dárí ẹsẹ̀ wọn. Títí dé Kútọnu, kò sí ohun púpọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Láti Kútọnu dé Ouidah tó nǹkan bí 40 kìlómítà, ọ̀nà iyanrìn ṣì ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà àwọn apẹja. Àwọn Fọ̀n ń pe Ouidah ní Glexwé. Ajudá ni àwọn Pọtogí ń pè é. Wọ́n kọ́ odi kan síbẹ̀ ní 1721, wọ́n sì di odi náà mú títí di 1961, ọdún kan lẹ́yìn tí Dàhòmì ti gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ dáná sun ilé kí ó tó jáde. Láti etíkun Ouidah, àwọn onímọ̀ ìtàn fojú díwọ̀n pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni wọ́n kó lọ. Luanda ní Àǹgólà nìkan ló jù ú lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Láti 1818 ni ọmọ Brasil kan, Francisco Félix de Sousa, tó ran Gẹ́zò lọ́wọ́ láti gun orí oyè Dàhòmì, ti di ọlọ́lá níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ oyè Chachá. Ó kú ní 1849.

Ọ̀nà tó ti inú ìlú lọ sí òkun ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wá wò. Ère wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Cyprien Tokoudagba sì pọ̀ nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ńlá kan ní 1993 ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn kalẹ̀. Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tó wà létí òkun tẹ̀lé e ní 1995. Lójú ọ̀nà náà ni wọ́n ti ń fi ibi Igi Ìgbàgbé han àlejò. Wọ́n ní ọkùnrin ń yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kí iyè wọn lè ra. Ẹ rí i pé ìtàn kan náà ni èyí àti ti kànga Gberefu. Robin Law, tó tẹ ìwé ńlá jáde lórí ìlú Ouidah ní 2004, fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń sọ lójú ọ̀nà yẹn kò ní ẹ̀rí nínú àkọsílẹ̀ ìgbà òwò ẹrú.

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí èyí. Wọ́n á ní: ṣé òyìnbó ni yóò wá sọ ìtàn wa fún wa? Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a fi òyìnbó sílẹ̀, kí a bi ẹni tó rìn ín.

Orúkọ rẹ̀ ni Kossola. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé agbègbè Bantè, láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Benin òde òní, ló ti wá. Ní 1860 ni ogun Dàhòmì, nígbà ayé Glẹlẹ, kọlu ìlú wọn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n kó wọn rìn lọ sí Ouidah, wọ́n tì wọ́n mọ́ inú ọgbà ẹrú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ọkọ̀ lójú òkun. Balógun ọkọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, William Foster, dé, ó yan nǹkan bí 110 nínú wọn, wọ́n sì kó wọn kọjá omi lọ sí etíkun. Ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Clotilda. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Nítorí náà nígbà tí wọ́n dé Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n kó àwọn ènìyàn pamọ́, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀. Ní 2019 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ókù ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ odò ibẹ̀, òun ni.

Kossola kò kú títí di 1935. Òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston lọ jókòó tì í láàárín 1927 sí 1928, ó gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà kò jáde títí di 2018. Ọkùnrin yìí rántí bí wọ́n ṣe kọlu ìlú. Ó rántí ọgbà ẹrú. Ó rántí pé bí wọ́n ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ ni wọ́n bọ́ aṣọ ìlú wọn kúrò lára wọn, ìtìjú náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí ó fi darúgbó, nítorí pé àwọn ará Amẹ́ríkà rò pé ìhòòhò ni wọ́n ń rìn ní ilé. Kò sọ pé òun yí igi kankan po. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà wálé nígbà tí wọ́n di òmìnira, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó, wọ́n sọ ọ́ ní Africatown. Ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ méjì-méjì, ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà. Matilda McCrear tí wọ́n gbé wọ ọkọ̀ kan náà ní ọmọ kékeré kú ní 1940. Ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń di irun rẹ̀ bí àwọn obìnrin Yorùbá ṣe ń dì í.

Mi ò sọ pé kí amọ̀nà má sọ ìtàn kànga mọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ìlò tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwa tí a kù sílé, tí a tà wọ́n, ni a nílò láti gbà pé wọ́n ti gbàgbé wa. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò fi lélẹ̀ bí ẹ̀rí.

Òkun náà ń ṣe tirẹ̀. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni omi ń gbé iyanrìn lọ ní etíkun yìí. Nígbà tí wọ́n kó òkúta dí ẹnu omi Èkó láti 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ní apá ìwọ̀-oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ Victoria Island. Bákan náà ló rí ní Kútọnu lẹ́yìn tí èbúté ibẹ̀ ṣí ní 1965: ilé àti ọ̀nà ti wọmi ní apá ìlà-oòrùn rẹ̀, ìjọba Benin sì ń kó òkúta síbẹ̀ láti dá a dúró. Ibi tí ìránṣẹ́ Akítóyè lè fi ẹsẹ̀ gbà, ẹja ló wà níbẹ̀ báyìí ní àwọn ibì kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a ti Àgbádárìgì dé, mo wọ kíláàsì, mo kọ orúkọ Kossola sójú pátákó, mo sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ ti Àjàyí àti Àfàlà tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin náà jókòó lẹ́yìn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí aago lù, tí àwọn yòókù ti ń sáré jáde, ó wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí wọ́n gbin igi sí fún Àfàlà.

Mo ní n kò rò pé wọ́n gbin ọ̀kan.

Ó ní: "Wọ́n wá gbin ti ìgbàgbé, sà?"